Ẹ Má Fi Oko Dán Ìfaradà Ìyá Ìkókó Wò

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín wa, ó sì tún lágbára sí i láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, tí owó ọkọ̀ àti owó ilé ìgboro kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Èrò náà ni pé ọkùnrin tó bá gbọ́n yóò kó aya rẹ̀ kúrò ní Èkó tàbí Ìbàdàn, yóò padà sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, yóò dá oko ẹ̀gẹ́, yóò sin adìẹ. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, oúnjẹ ibẹ̀ kò wọ́n, ọmọ yóò sì dàgbà láìfa èéfín jẹnẹrétọ̀ símú. Títí dé ibí, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìjà mi bẹ̀rẹ̀ níbi tí obìnrin tó bímọ sí irú ibẹ̀ ti ń sunkún, tó ní ìgbéyàwó yìí kọ́ ni òun rò, tó ní òun kò lè gbé ibẹ̀ mọ́, tí ìdájọ́ sì ti wà nílẹ̀ dè é kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Wọn á ní kò ní ìfaradà. Wọn á ní ọmọ ìgboro ni, fóònù ló bà á jẹ́. Wọn á ní àwọn ìyá wa bímọ mẹ́jọ lóko, a kò gbọ́ kí wọ́n ráhùn.

Mo ta ko ìdájọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó le mọ́ ẹni tí ara ṣì ń ro, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí nìkan ni ẹ̀sùn tí mo fi kàn án. Ẹ̀sùn tó tóbi jù ni pé ó ń parọ́ mọ́ àwọn baba ńlá wa. Ètò tí wọ́n ń fi orúkọ àṣà gbè lẹ́yìn, ìyẹn obìnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ nínú ilé kan láàárín oko, tí ọkọ ń jáde ní ìdájí tó ń wọlé lálẹ́, kì í ṣe àṣà Yorùbá. Ètò tuntun ni. Àìní ló bí i, àìronú ló sì ń tọ́ ọ. Obìnrin tó bá ní ètò náà kò tẹ́ òun lọ́rùn kò tàbùkù àṣà kankan. Òótọ́ ló sọ.

Ará ìlú ni Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí; ó tẹ ìwé lórí àwọn ìlú Yorùbá jáde ní 1962, ó sì tẹ èyí tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní 1968. Ohun tó máa ń ya àwọn àlejò lẹ́nu nípa Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Abẹ́òkúta ayé àtijọ́ ni pé àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé inú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀. Ilé wọn wà nínú ìlú, oko wọn wà lẹ́yìn odi, ó sì lè jìnnà gan-an. Ọkùnrin ní ahéré lóko tí ó ń sùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò padà wálé fún ọdún, fún òkú, fún ìpàdé ẹbí. Àwa náà la sì ń sọ ọ́ pé ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ta ló wá gbà wá nímọ̀ràn pé kí á mú ẹni tó nílò ìsinmi jù lọ nínú ẹbí, kí á lọ fi í síbi tí gbogbo ẹbí ti ń bọ̀ wá sinmi?

Agbo ilé ni wọ́n ń bímọ sí. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó wà níbẹ̀ fún yín, nítorí ó jọ pé a ti gbàgbé wọn. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, òun ló ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ ọmọ, tó ń fi òrí ra á lára, tó ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀. Ìyàwó àgbà wà níbẹ̀, òun ló ń gbé omi kaná fún ọlọ́mọ tuntun, tó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ nínú, tó ń se ẹ̀kọ gbígbóná fún un kí ọmú lè wà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ṣeé rán níṣẹ́ kún ojúde. Arúgbó kan wà ní yàrá kejì tó gbọ́ igbe ọmọ lóru, tó sì mọ̀ láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí bóyá inú ló ń run ún ni tàbí ibà. Iṣẹ́ ìyá ọmọ ni kí ó jẹun, kí ó sùn, kí ó fún ọmọ lọ́mú. John àti Pat Caldwell, tọkọtaya onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1977 bí ó ti pẹ́ tó tí abiyamọ fi ń yẹra fún ibùsùn ọkọ nígbà àtijọ́: ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, títí wọn yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àṣà ni ìyẹn náà. N kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin tó ń fi àṣà bá aya rẹ̀ wí lóko rántí apá ibẹ̀ yẹn.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan inú agbo ilé ló dùn. Ẹnu ìyá ọkọ a máa mú, orogún a máa jowú, ọ̀rọ̀ àṣírí kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ èyí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà sínú rẹ̀ tipátipá. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í dá wà níbẹ̀ ní aago méjì òru pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn, òun gan-an ni a sì mú kúrò. A mú ènìyàn kúrò, a fi iṣẹ́ sílẹ̀, a wá pe èyí tó kù ní àṣà.

Wàyí o, ẹ wo obìnrin tí à ń dá lẹ́jọ́. Mo ti bá irú wọn sọ̀rọ̀, ìtàn wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, nítorí náà n óò sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìgboro ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó gba òmìnira, ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ àti àwọn oníbàárà tirẹ̀. Ó fẹ́ ẹni tó wù ú. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tí onílé fi owó kún owó ilé, tí ọkọ ní kí àwọn kúkú lọ sórí ilẹ̀ bàbá òun. Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀; àgbàlagbà ló wà nínú méjì, àwọn ọmọ wọn ti lọ. Iná kò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ aṣọ náà sì wà lábẹ́ ibùsùn nítorí kò sẹ́ni tí yóò gbé aṣọ wá. Nígbà tó bímọ, ìyá rẹ̀ wá wẹ ọmọ. Ó dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó tún fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kún un, lẹ́yìn náà ó padà sídìí ọjà rẹ̀, nítorí ìyá ayé òde òní náà ní ìsọ̀ tó ń fi jẹun àti àjọ tó ń dá.

Láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kànga gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń pọnmi lódò. Igi ìdáná ń tán. Ẹ̀gẹ́ tó gbó kò ní dúró de ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: ó ń bó o, ó ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń rìn ín, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń dín in. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà nídìí agbada gààrí, nítorí kò sí ọwọ́ mìíràn tí yóò gbà á. Ọmọ tí wọ́n ní wọn kò fẹ́ kí ó fa èéfín jẹnẹrétọ̀ símú ni ó wá ń fa èéfín igi láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Lálẹ́, ọkọ dé, ó rẹ̀ ẹ́, ó jẹun, ó sùn. Ọmọ kò sùn. Abẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kò sì lè gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lóru, nítorí náà fóònù tí wọ́n ní ó bà á jẹ́ kò tilẹ̀ lè mú ohùn ìyá rẹ̀ dé etí rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í lù ú, kì í mutí, kò sí obìnrin mìíràn. Èyí ló mú kí ẹjọ́ rẹ̀ ṣòro láti rò. Ìpàdé ẹbí wa mọ bí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹgba, ẹjọ́ ebi, ẹjọ́ àgbèrè. Ẹjọ́ ìdánìkanwà kò ní orí àga tí yóò jókòó sí láàárín wa. Wọ́n á bi í pé, “Kí ló ṣe ọ́?” Kò ní rí ohun kan nàka sí. Yóò ní, “Mi ò mọ̀, ó ti sú mi ni.” Wọ́n á wo ara wọn lójú, ìyá àgbà kan á sì ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Obìnrin náà yóò padà lọ pẹ̀lú ohun tó ń ṣe é, àti ìtìjú tí ó fi kún un, nítorí ó ti wá gbà pé òun nìkan ni ó ń ṣe. Bí ìgbéyàwó ṣe ń kú lójú ẹni tó ṣì ń gbé inú rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìjà ló pa á. Ó wòye pé ẹni tí òun fẹ́ kò rí òun mọ́, pé ó rí ẹni tó ń se ọbẹ̀, ẹni tó ń dín gààrí, ẹni tó bí ọmọ fún un.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀, àwọn tó ń yin ìgbé ayé oko kì í sì í fẹ́ kàn án. Ìyàwó Yorùbá kì í gbélé ọkọ láìní àpò tirẹ̀. Ọjà ọrún wà káàkiri ilẹ̀ wa nítorí àwọn obìnrin, ojúṣe ọkọ sì ni kí ó dá òwò sílẹ̀ fún aya rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìdílé ń kó lọ sí abà kòkó ní ẹ̀bá Ifẹ̀ àti Oǹdó, tí Sara Berry kọ ìwé rẹ̀ lé lórí ní 1975, iṣẹ́ ọwọ́ ẹbí, títí kan ti àwọn aya, ló gbé ọ̀pọ̀ oko náà dìde. Àwọn obìnrin yẹn kò gba owó oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n ń retí ọjọ́ tí ọkọ yóò fún wọn ní owó ìdókòwò. Obìnrin tí mò ń sọ yìí ń dín gààrí tí ọkọ ń gbé lọ tà. Ọkọ ló ń pa owó náà mọ́, ó ní àwọn fẹ́ fi kọ́ ilé adìẹ. Ẹni tí ó ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú bọ́ ara rẹ̀ láti ọmọ ogún ọdún wá ń tọrọ owó ọṣẹ. Bí inú bá bà á jẹ́ nítorí èyí, ìbàjẹ́ inú náà tọ̀nà, ìyá ìyá rẹ̀ gan-an kì bá tí gbà á.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ ìlera, ibẹ̀ ni n kò ti lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ìwádìí ìjọba nípa ètò ìlera ìdílé ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a ń bí, 39 péré ni a ń bí sí ilé ìwòsàn, ti abúlé sì kéré sí ti ìgboro gan-an. Ìwádìí kan náà ní obìnrin 512 ń kú nípa oyún tàbí ìbímọ nínú 100,000 ọmọ tí a bá bí láàyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí oníṣẹ́ ìlera yẹ ìyá àti ọmọ wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà ní ọjọ́ ìbí, ó wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá ń gbé ní ìgboro bíi Mọ́kọ́lá yóò fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹni tó wà lóko yóò wá owó ọ̀kadà, yóò pọn ọmọ sórí ọ̀nà oníkòtò, ó sì lè débẹ̀ kí wọ́n ní nọ́ọ̀sì kò wá lónìí. Àwọn tó ní afẹ́fẹ́ abúlé mọ́, ṣé afẹ́fẹ́ ni yóò dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ọlọ́mọ tuntun ni?

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe láti tọ́jú ìyá lábúlé. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa tọ̀ wọ́n lọ sílé. Ẹni tó gbé ètò náà kalẹ̀ ti mọ ohun tí àwọn tó ń wàásù ìfaradà kò mọ̀: pé ìdádúró ló ń pa obìnrin abúlé. Ìdádúró kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀ràn wà, ìdádúró kí wọ́n tó rí ọkọ̀, ìdádúró kí ẹnì kan tó dá wọn lóhùn ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, alága ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n padà sóko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi agbẹ̀bí kan sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ibẹ̀, kí ó sì kọ́ ilé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè sùn níbẹ̀.

Àwọn tó mọ̀wé nínú àwọn alátakò mi máa ń fi Àrò gbe ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n ní abúlé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo fi wo àwọn aláìsàn ọpọlọ sàn ní Abẹ́òkúta, nítorí náà abúlé ń wo ọkàn sàn. Òótọ́ ni pé láti 1954 ni Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Àrò ká, gbogbo ayé sì gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n kí ni òfin àkọ́kọ́ rẹ̀? Pé aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa gbọ́únjẹ fún un, kí ó máa fọṣọ fún un, kí ó mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀ kí ó sì mú un padà. Nọ́ọ̀sì àti dókítà kò sì jìnnà. Lambo kò gbé aláìsàn kan ṣoṣo sáàárín igbó kí ó ní kí atẹ́gùn wò ó sàn. Ènìyàn ló fi ṣe oògùn. Ẹni tó bá fẹ́ lo orúkọ Àrò gbọ́dọ̀ gba òfin Àrò.

Àìsàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nígbà mìíràn, ó sì yẹ kí á sọ ọ́. Àwọn àgbà wa mọ abísínwín. Nígbà tí ọlọ́mọ tuntun bá ń sọ ìsọkúsọ tó sì fẹ́ wọ igbó, gbogbo ilé ni yóò dìde. Èyí tí kò pariwo ni a kì í rí. Oorun kò gbé obìnrin náà bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀, kò sì rí ìfẹ́ tí wọ́n ní yóò dé fúnra rẹ̀. Ó ń rò ó pé ì bá sàn kí òun má sí láyé. Wọ́n á ní àìsàn òyìnbó ni. Irọ́ ni. John Cox tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìbéèrè mẹ́wàá tí gbogbo àgbáyé fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ jáde ní Edinburgh ní 1987, àárín àwọn ìyá ní Uganda ló ti kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Nílé wa níhìn-ín, ìwádìí tí Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Iléṣà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, rí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì yìí lára ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Iléṣà, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá kó ìyá ìkókó méje jọ ní ilé ìwòsàn kan lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà láàárín wọn tó ń rìn lórí etí kòtò, tí a sì ń sọ fún un pé kí ó ní sùúrù.

Síbẹ̀, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ìyá tí oko sú ni àìsàn ń ṣe. Mo rí i pé àwọn onínúure kan ti ń sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn báyìí, kí wọ́n má bàa gbọ́ ohun tí obìnrin ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí wọn pé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí wọ́n sì rí ni pé àdéhùn tí wọ́n bá wọn ṣe kọ́ ni wọ́n ń gbé.

Ní ti àwọn ìyá wa tó bímọ mẹ́jọ láìráhùn, ta ló bi wọ́n léèrè? Nínú mẹ́jọ yẹn, mélòó ló kù? Ilé wo ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò sí Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòkúmọ́ nínú ìtàn rẹ̀? Àwọn ìyá yẹn sunkún títí omi ojú gbẹ, ibi tí ọkùnrin kò sí ni wọ́n ti sun ún. Àwọn ọmọbìnrin wọn gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá fi tà títí dé orí aṣọ ìgbéyàwó wọn kí ọmọbìnrin wọn lè kàwé, kí ó lè kọ́ṣẹ́, kí ó má bàa jìyà oko. Ẹ má lo orúkọ wọn láti fi dá àwọn ọmọ wọn padà síbi tí wọ́n ti fi gbogbo agbára wọn yọ wọ́n kúrò.

Wọ́n tún máa ń ní ìgboro kò sàn. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sàn púpọ̀. Obìnrin tó wà ní yàrá kan ní Agége, tí ọkọ rẹ̀ ń jáde ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, òun náà ń dá wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mẹ́wàá ló kọjú síra nínú ilé náà. Bí ọmọ bá gan lóru, igbe kan ṣoṣo ni, Ìyá Sikirá á ti dé, Bàbá Ẹ̀bùn á ti lọ wá ọ̀kadà. Agbo ilé ni ìyẹn, bí kò tilẹ̀ dára lójú, bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ bá ara wọn tan.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ oko kì í ṣe eré, mo sì mọ̀ pé nítorí ìdílé ni ẹ ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ máa ń ṣírò iye ìdì igi ẹ̀gẹ́, iye àpò ajílẹ̀, iye owó lébìrà. Ẹ máa ń ṣírò ohun tí adìẹ yóò jẹ. Ta ni nínú yín tó ṣírò ẹni tí yóò wà pẹ̀lú aya rẹ̀ nígbà tó bá bímọ? Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá láti 2014. Ìjọba àpapọ̀ náà ti fọwọ́ sí ọjọ́ mẹ́rìnlá fún àwọn tirẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ní láti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ kí ó tó gba ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àgbẹ̀ ni ọ̀gá ara rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló padà sóko ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ. Ọkọ tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ aya rẹ̀ ní aago méjì òru kò sọ ara rẹ̀ di obìnrin. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yẹn. Bí ó bá mú agbo ilé kúrò lẹ́yìn aya rẹ̀, òun ni agbo ilé.

Ẹ̀yin òbí náà, ọjọ́ mọ̀ mí n mọ̀ ọ́ ni kí ẹ ti la ẹnu yín. A ń jókòó síbẹ̀ bèèrè iṣu méjìlélógójì, à ń bèèrè oyin, obì, orógbó àti ataare, alága ìjókòó a sì kọrin títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí ọmọ wa yóò bímọ sí, ẹni tí yóò wẹ ọmọ náà, bí yóò ṣe máa rí owó ara rẹ̀, àti bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó. Ẹ bèèrè. Bí ọkọ bá ní oko lòun ń lọ, kí ó lọ pẹ̀lú àlàáfíà, kí aya rẹ̀ wà nílùú títí ọmọ yóò fi rìn, kí ọkọ máa wálé lópin ọ̀sẹ̀, bí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń ti ahéré bọ̀.

Èyí tó ti wà lóko lónìí ńkọ́, tó ń sunkún? Ẹ lọ mú un wálé. Ẹ má pe ìpàdé ẹbí lé e lórí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò pè é ní dálémosú. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sùn. Bí oorun kò bá gbé e, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Ẹ gbé ẹ̀rọ aṣọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ bi í bóyá yóò padà sóko, kí ẹ sì gba ìdáhùn tó bá fún yín.